"Bí" inú àbínibí kò bá Lua mu

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ka ohun tí ẹ̀gbọ́n wa láti Ọ̀fà kọ, pé kí a máa pe print, type, tonumber àti àwọn àṣẹ irú wọn tó wà nínú Lua, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ní "iṣẹ́ àbínibí", torí pé a ò kọ wọ́n fúnra wa, a bá wọn níbẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yẹn kò jókòó.

"Bí" ló wà nínú àbínibí, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n bí mọ́ èèyàn kò ṣeé bọ́ jù sílẹ̀ bí ẹ̀wù. Ní Tánkẹ̀, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń ṣe géèmù, ọ̀rọ̀ yín ni mo lò láàárọ̀ ọjọ́ kan. Kò pẹ́ tí ọ̀kan nínú wọn fi kọ print = nil, ìyẹn ni pé kí print di òfo. Nígbà tó tún máa pe print, kọ̀ǹpútà ní attempt to call a nil value, pé òfo ló ń pè. Print ti lọ. Ọmọ yẹn wojú mi, ó ní, "Ọ̀gá, ṣebí ẹ ní àbínibí ni?" Mi ò rí èsì fọ̀.

Ẹ tún wò ó, bí ẹ bá sọ "iṣẹ́ àbínibí" sétí ọmọ Òkèlele ní Ìlọrin níbí, iṣẹ́ ìkòkò tí ìyá rẹ̀ ń ṣe ló máa rò.

Ìdí ìkòkò yẹn náà ni mo ti rí ọ̀rọ̀ tí mo mú wá dípò àbínibí: àmọmọ́. Ẹbu Dada ni ìyá ìyá mi ti ń mọ ìkòkò. Bó bá fẹ́ fi etí sí i, á kọ́kọ́ fi èékánná ha ojú ibi tí etí máa jókòó, á ta omi sí i, á gbé etí lé e, á wá máa fi àtàǹpàkò pa oríkèé rẹ̀ rẹ́ títí ojú ò fi ní rí ibi tí méjèèjì ti pàdé. Tútù ni ó gbọ́dọ̀ bá tútù. Bí ara ìkòkò bá ti gbẹ, inú iná ni etí yẹn máa já sí. "Mọ" àkọ́kọ́, ohùn àárín, òun ni ti mọ ìkòkò, mọ odi. "Mọ́" kejì, ohùn òkè, òun ni ti so mọ́. Ẹni tó bá kọ ọ́ láìfi àmì sí i ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́, kì í ṣe èmi.

Etí lè ṣẹ́, kí ìkòkò ṣì wà. Print = nil nìyẹn. Roblox, ibi tí wọ́n ti ń ṣe géèmù, náà ṣẹ́ etí: Luau, ẹ̀ka Lua tí wọ́n ń lò, kò ní dofile àti loadfile tó ń gbé fáìlì wọlé mọ́, nítorí ààbò. Èyí tí a bá gbà láti ìta fi kún un lẹ́yìn, kó máa jẹ́ àlẹ̀mọ́.

Ẹnìkan ní àdámọ́. Ó sàn ju àbínibí lọ, àmọ́ iṣẹ́ Ọlọ́run ni àwọn bàbá wa ń fi "dá" yẹn sọ. Èèyàn mẹ́ta ló ṣe Lua, Roberto Ierusalimschy àti àwọn méjì mìíràn, ní yunifásítì PUC-Rio ní Bràsíl, ní 1993. Àwọn pàápàá wo ilé kí wọ́n tó sọmọ lórúkọ: wọ́n ti ní èdè kan tó ń jẹ́ SOL, sol sì ni oòrùn lẹ́nu àwọn Potogí, ni wọ́n bá pe èyí ní Lua, ìyẹn òṣùpá.

Ẹni tó ní ká pe ipairs, àmọmọ́ Lua mìíràn, ní ìbejì, "bí" tún nìyẹn! Nọ́ńbà àyè kọ̀ọ̀kan nínú àtòjọ àti ohun tó wà ní àyè náà ni ipairs ń kó wá, láti orí 1 títí yóò fi kan àyè tó ṣófo. Wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Mi ò tíì ní ọ̀rọ̀ fún un. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní Òró tàbí Omù-Àrán, tí ẹ bá bàbá yín ka ebè iṣu rí, kí ni wọ́n ń pe kí a máa kà á lọ ní títẹ̀léra, kí a sì dúró níbi tí ebè àkọ́kọ́ ti ṣófo?