Níbo ni ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta lè sá sí l'Ékòó?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Agége là ń gbé, mi ò ní dárúkọ òpópónà. Aránṣọ ni obìnrin náà, yàrá wa kọjú síra. Lọ́jọ́ Àìkú mo bá a nídìí ẹ̀rọ omi, ó fi ìborùn bo apá nínú oòrùn ganrínganrín. Bó ṣe ń gbé korobá ni ìborùn yọ̀: ojú bẹ́líìtì, ó ti dúdú. Ó ní òun ṣubú ni. Mi ò jiyàn.

Àwọn àgbà ilé ti bá òun àtọkọ ẹ̀ parí ìjà títí. Sùúrù, nítorí ọmọ! Mo tẹ̀ lé e dé àgọ́ ọlọ́pàá kan, wọ́n ní ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni, ká lọ yanjú ẹ̀ nílé. Bẹ́ẹ̀, láti 2007 l'Ékòó ti ní òfin tó lòdì sí ìwà ipá nínú ilé.

Mo mọ̀ pé ìjọba Èkó ní àjọ DSVA tó ń rí sí irú ẹ̀. Ẹni tó bá ti débẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́: ṣé èmi aládùúgbò lè fẹjọ́ sùn, àbí àfi kí òun fúnra ẹ̀ lọ? Ṣé wọ́n lè rí ibi fi òun àtàwọn ọmọ pamọ́ sí? Àkọ́bí, ọkùnrin, ti pé 13; mo gbọ́ pé àwọn ibòmíì kì í gba irú wọn.

Maṣíìnì ẹ̀ ńkọ́? Ìyẹn ló ń dà á láàmú jù. Ó ní bí òun bá fi í sílẹ̀, kó tó di ọjọ́ kejì, ọkọ òun á ti tà á.