"Ìrajà afọ́táńkì" kò tíì bá iṣẹ́ náà mu

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ ní iṣẹ́ ọ̀gá tó ń ṣe kòkáárí bí àwọn ọmọ ogun ṣe máa rí ohun ìjà tuntun gbà, èyí tí sọ́jà kan lè dá gbé láti fi kojú ọkọ̀ ogun onírin, ká máa pè é ní "àbójútó ìrajà afọ́táńkì alágbèéká". Àbójútó tẹ́ mi lọ́rùn. Ìyókù ni mo fẹ́ ká tún gbé yẹ̀ wò.

Ní Ẹ̀pẹ́ níbí, omi là ń fa sínú táńkì. Ẹ kọ afọ́táńkì láìfi àmì sí i, ẹni tó ń fọ táńkì omi ni a máa kà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gan-an mọ̀ọ́mọ̀ dà á pọ̀ ni: kí ọkọ̀ ogun onírin yẹn tó jáde sójú ogun ní 1916, orúkọ táńkì omi ni wọ́n fi bo àṣírí rẹ̀. Àgbá tiwa náà rí bẹ́ẹ̀, àgbá epo wà, àgbá ogun wà. Nítorí náà, mi ò bá táńkì jà. "Fọ́" ni kò tọ̀nà. Bàbà tó fẹ̀ lẹ́nu tó sì ṣóńṣó nídìí ló wà níwájú ẹ̀tù inú ohun ìjà náà. Bí ẹ̀tù bá bú, bàbà á na gbọọrọ, á dá irin nínípọn lu. Adárinlu ni.

Fóònù là ń pè ní alágbèéká. Ẹ wo méjì nínú irú ohun ìjà yìí: Javelin ti Amẹ́ríkà tó nǹkan bíi kílò 22, NLAW tó kílò 12.5, èjìká ni wọ́n ń gbé méjèèjì lé. Mo fara mọ́ àgbéléjìká.

Ìrajà ló ká mi lára jù. Apẹja tó san owó ẹ́ńjìnì ọkọ̀ tán ti rajà, ṣùgbọ́n ta ni yóò tún un ṣe? Ibo ni ẹ̀yà ara rẹ̀ wà? NLAW, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń yìn ín kí wọ́n tó sọ ọ́ nù, torí náà ẹni tó ń bójú tó o gbọ́dọ̀ wá ohun tí sọ́jà yóò fi kọ́ṣẹ́ láìyin ojúlówó. Kí wọ́n tó sanwó, wọ́n ti béèrè ohun tí ọmọ ogun nílò, wọ́n ti dán an wò, wọ́n ti tọwọ́ bọ̀wé. Òfin ọdún 2007 tó ń darí ìrajà ìjọba àpapọ̀ wa pàápàá yọ àkànṣe ohun èlò ààbò sọ́tọ̀, àfi tí Ààrẹ bá fọwọ́ sí i. "Ìpèsè" ló gba gbogbo èyí mọ́ra, torí ẹni tó pèsè kò tíì ṣe tán títí ohun náà fi wúlò lọ́wọ́ ẹni tó nílò rẹ̀.

Àbójútó ìpèsè adárinlu àgbéléjìká tuntun: ohun tí mo mú wá nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n, ṣé "adárinlu" kò ní jọ irinṣẹ́ àwọn alurin létí yín?