Ẹ̀rín músẹ́ ń da àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi láàmú

Tíṣà Kubwa:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mò ń kọ́ ará Ṣáínà méjì ní Gẹ̀ẹ́sì níbí, l'Ábújá. "Cough" àti "sneeze" yé wọn, ṣùgbọ́n "smile" àti "laugh" kò yàtọ̀ létí wọn. Lánàá, ọ̀kan ní ọ̀gá òun "laughed at me", ọkùnrin náà sì kàn rẹ́rìn-ín músẹ́ kí i ni! Báwo ni kí n ṣe é?

Ìyá Ìbejì:
Tíṣà, "xiào" ni wọ́n ń pe méjèèjì. Ẹ̀rín músẹ́ ni "wēixiào", ẹ̀rín kékeré. Ó jọ tiwa gan-an: ẹ̀rín ni gbogbo rẹ̀, a kàn ń fi músẹ́ tàbí kèékèé kún un. Ẹ pa ẹnu dé, kí ẹ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà kí ẹ bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n á rí i. "Laugh at" gan-an ni kí ẹ tẹnu mọ́, ìfiniṣẹ̀sín ni.

Ọmọ Ìlọrin:
Ẹ rántí òṣé o. "Hiss" la ń pè é ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ìró ejò ni lẹ́nu àwọn òyìnbó.

Tíṣà Kubwa:
Ẹ ṣé, ìyá wa. Mo ti ṣe é níwájú wọn. Ẹni àná fọwọ́ bo ẹnu, ó ní: "He smiled at me."