"Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé" kọ́ ni ilé ọnà ìwòyí: lórí ìwé atọ́nisọ́nà Fẹ́nísì

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Ẹ̀gbọ́n tó túmọ̀ ìwé atọ́nisọ́nà fún àwọn tó fẹ́ wo ọnà ní Fẹ́nísì, ìlú orí omi ní Ítálì, ẹ ṣeun fún làálàá. Ṣùgbọ́n ibi mẹ́ta ni ẹ ti pe Punta della Dogana ní "ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ọnà òde òní", ìdajì gbólóhùn yẹn sì ń bá ìdajì jà. Ṣẹ̀ olóhùn ìsàlẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, èyí tó wà nínú "ìṣẹ̀dálẹ̀", tí a tún ń gbọ́ nínú "ibi tí odò ti ṣẹ̀ wá". Ohun tí wọ́n gbé kọ́ ògiri lọ́dún yìí, tí wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, ìgbà wo ló bá ayé ṣẹ̀?

Ilé náà ló dàgbà. Ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún ni wọ́n kọ́ ọ, ilé oníbodè ni, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba owó orí ẹrù ọkọ̀ òkun. Tadao Ando, ayàwòrán-ilé ará Japan, tún un ṣe, ó sì ṣí ní 2009: ó fi bíríkì àti igi àjà sílẹ̀ ní ìhòòhò, ó wá kọ́ yàrá kọnkéré kan sáàárín, kọnkéré tó dán bí ojú omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ bíríkì pupa tó ti gbó. "Ṣóńṣó Oníbodè" ni orúkọ rẹ̀ ní Yorùbá, ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ oníbodè? Ẹ fi èyí tó túmọ̀ dáadáa sílẹ̀, ẹ wá túmọ̀ èyí tí kò yẹ.

Oríṣi ilé méjì ló wà níbẹ̀, ẹ má fi orúkọ kan pè wọ́n. Ca' Pesaro ń pa ohun tirẹ̀ mọ́: àwòrán Judith II tí Klimt, ayàwòrán ará Austria, yà, ọdún 1910 ni wọ́n ti rà á ní Biennale, àfihàn ọnà ńlá tí wọ́n ń ṣe ní Fẹ́nísì lọ́dún méjì-méjì. Ilé Peggy Guggenheim, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń kó ọnà jọ, náà bẹ́ẹ̀: ohun tí obìnrin náà kó jọ ló wà níbi tó gbé láti 1949 títí ó fi kú ní 1979. "Ilé àkójọ ọnà" ni ìwọ̀nyí. Palazzo Grassi àti Dogana, "ilé àfihàn ọnà" ni wọ́n. Tíkẹ́ẹ̀tì kan ló wọ méjèèjì, àfihàn ń lọ, òmíràn ń bọ̀, ilẹ̀kùn a sì wà ní títì láàárín wọn, pàápàá nígbà òtútù. Ẹni tó bá ka "àkójọ" á rò pé kò sígbà tí òun kò lè lọ. Àgádágodo ló máa bá.

Èyí tó bí mi nínú jù ni "wọn kì í ṣí ní ọjọ́ kejì ọ̀sẹ̀". Ẹni tó ń ka ọ̀sẹ̀ láti ọjọ́ Àìkú á pè é ní ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Guggenheim, Grassi àti Dogana ń tì, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà! Ca' Pesaro ló ń ti ọjọ́ Ajé. Nítorí náà, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni kí èèyàn fi lọ sí Ca' Pesaro, kó sì fi àwọn yòókù sí Ọjọ́rú. Ọkọ̀ èrò ojú omi oní-nọ́ńbà 1 ni kó wọ̀, torí nọ́ńbà 2 kì í dúró ní San Stae tó wà nítòsí Ca' Pesaro, kì í sì í dúró ní Salute tó wà nítòsí Dogana. Kó fi tíkẹ́ẹ̀tì kan ojú ẹ̀rọ kó tó wọlé. Ìṣẹ́jú 75 ló ń lò.

Ẹ tún pe ẹnubodè Guggenheim ní "géètì irin" lásán. Claire Falkenstein ló ṣe é ní 1961. Ó jó irin tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ra wọn bí àwọ̀n tó lọ́ pọ̀, ó wá fi àkúfọ́ gíláàsì Murano, erékùṣù àwọn aṣegíláàsì ní Fẹ́nísì, há inú ihò rẹ̀. Ọnà nìyẹn. Ohun tí ọwọ́ fi ìmọ̀ ṣe ni ọnà, yálà ó fín in, ó gbẹ́ ẹ, tàbí ó jó o. Ọ̀rọ̀ náà kò béèrè ọjọ́ orí.

"Ìlú orí adágún" tí ẹ pe Fẹ́nísì ńkọ́? Omi tó dá, tó gún, ni adágún. Omi Fẹ́nísì ń kún, ó ń fà, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ní November 12, 2019, ó kún dé sẹ̀ǹtímítà 187. Ọ̀sà ni. Ará Èkó kan kò ní ṣì í pè.

*Èsì*

Àbúrò, rọra. Ọkọ̀ tí a ń tù lójú omi ni ọkọ̀ kó tó di ti ilẹ̀ àti ti òfuurufú. Ta ló ní ká padà sí gbòǹgbò? Àwọn àgbà tó pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì, ìṣe nǹkan ni wọ́n wò, wọn ò tú ṣẹ̀ palẹ̀. Judith tí o ń wí, 1909 ni wọ́n yà á, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Nínú Ca' Pesaro kan náà ni idà àti ẹ̀wù ogun Japan ìgbà Edo, láti 1603 sí 1868, wà. Kí ni ká pe ìyẹn?

"Ìwòyí" tìrẹ náà ń fì. Ìwòyí àná, ìwòyí ọ̀la, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń sọ ọ́. Ó ń fẹ́ ohun tó máa dì mú. Bí wọ́n bá sì kọ "ilé ọnà" láìfi àmì sí i lórí fóònù, "ilé ọ̀nà" ni wọ́n máa kà, ní ìlú tí mọ́tò kò ní ọ̀nà. Fẹnẹ́síà ló sì yẹ kó jẹ́, kì í ṣe Fẹ́nísì. Àwọn onílé ni kí ẹ gbọ́ lẹ́nu wọn.

*Èsì sí èsì*

Ẹ̀gbọ́n, mo gbà fún yín lórí idà Japan: ìṣẹ̀ǹbáyé ni. Ọ̀rọ̀ náà "ọkọ̀" fẹ̀ torí iṣẹ́ kan náà ni ọkọ̀ ń ṣe, ó ń gbé èèyàn. El Anatsui, oníṣọ̀nà ọmọ Ghana tó gba Kìnnìún Wúrà, ẹ̀bùn ńlá Biennale, ní Fẹ́nísì ní 2015, ìdérí ìgò ọtí ló ń fi wáyà bàbà so pọ̀ ní Nsukka. Ẹ fi ìṣẹ̀ǹbáyé wọ̀ ọ́ kí n rí i.

Ọnà tó ti pé ọgọ́rùn-ún ọdún bíi ti Klimt, ẹ jẹ́ ká pè é ní "ọnà ìgbàlódé", ká fi "ìwòyí" sílẹ̀ fún èyí tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́. "Àwọn ọmọ ìwòyí" kò di nǹkan kan mú, gbogbo wa sì ń sọ ọ́.

Ó ku "ìpàtẹ" tí ẹ pe Biennale. Títí di 1968, ọ́fíìsì kan wà níbẹ̀ tó ń bá àwọn oníṣọ̀nà tajà, ìpàtẹ tọ́ sí i nígbà yẹn. Wọ́n ti fòpin sí i. Kí ni àtẹ tún ń ṣe níbẹ̀?