"Ẹmu àjàrà" kọ́ ni ọtí àwọn òkè ẹ̀gbẹ́ Róòmù

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àbá wà nílẹ̀ pé, ní èdè Yorùbá, kí a máa pe ọtí Frascati, Marino àti àwọn ìlú orí òkè yòókù tó yí Róòmù ká ní "ẹmu àjàrà", kí a sì pe fraschetta, ilé tí wọ́n ti ń mu ún, ní "bùkà". Èmi ò fara mọ́ méjèèjì.

Dídá ni à ń dá ẹmu. Inú agbè adẹ́mu ló ti ń hó, láìsí pé ẹnikẹ́ni fi nǹkan sí i. Bó bá fi máa di ọ̀la, ó ti kan. Ti Frascati yàtọ̀. Oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá ni wọ́n ń ká èso àjàrà Malvasia àti Trebbiano lórí ilẹ̀ tí òkè oníná ayé àtijọ́ fi sílẹ̀, wọ́n á fún omi rẹ̀, ó sì di ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kó tó ṣeé mu. Ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ wáìnì. Bíbélì wa ti sọ ọ́ di tiwa tipẹ́.

Bí ẹnìkan bá ní ká pè é ní "ọtí ìbílẹ̀", ìyẹn náà ò bá a mu, torí ògógóró ló ń mú wá sọ́kàn. Láti 1966 ni òfin Ítálì ti fún Frascati ní DOC, ìyẹn àmì ibi tí wáìnì ti wá, tó sọ irú èso tí wọ́n lè lò àti ilẹ̀ tó gbọ́dọ̀ ti wá. "Òǹtẹ̀ orísun" ni mo máa ń pe DOC.

Fraschetta gan-an ló jẹ mí lógún. Frasca ni ẹ̀ka igi tó ní ewé lára. Láyé àtijọ́, ẹni tí wáìnì tuntun rẹ̀ bá ti tó mu á so ẹ̀ka kan kọ́ iwájú ilé. Ará Róòmù tó ń kọjá lọ á rí i, á yà wọlé láìbéèrè. Àrokò pọ́ńbélé nìyẹn! Oníbàárà ló ń gbé oúnjẹ tirẹ̀ wá, wáìnì nìkan ló ń rà. Lóòótọ́, ní Ariccia, ọ̀kan nínú àwọn ìlú orí òkè wọ̀nyẹn, lónìí, wọ́n ń ta porchetta, odindi ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n yọ eegun rẹ̀, tí wọ́n ki ewé olóòórùn sínú rẹ̀, tí wọ́n sì yan. Síbẹ̀, oúnjẹ la ń bá lọ sí bùkà. Wáìnì ló bí fraschetta.

Ẹnìkan lè ní ká pè é ní "ilé ọtí eléwé", àmọ́ eléwé ọmọ ni yóò wá sọ́kàn, àwọn ènìyàn á máa retí àgbo níbẹ̀. "Ilé ọtí alárokò" ni mo fà kalẹ̀. Bí ẹ bá ní èyí tó dùn lẹ́nu jù ú lọ, ẹ mú un wá ká yẹ̀ ẹ́ wò.