Jẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́ńjìnnì kan àbí ẹlẹ́ńjìnnì méjì? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti pé ọdún mẹ́jọ tí mo ti ń wa bàálù kékeré tí abẹ̀bẹ̀ ń yí níwájú ẹ̀, mo sì ní ìwé àṣẹ láti fò nínú kùrukùru. Ní báyìí, jẹ́ẹ̀tì tí èmi nìkan lè dá wà ló wọ̀ mí lójú.

Méjì ló ń dà mí lọ́kàn rú. Cirrus Vision SF50 ni àkọ́kọ́, ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo, FAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí i lọ́dún 2016. Páráṣúùtù wà nínú ẹ̀ tó lè gbé odindi bàálù sọ̀ kalẹ̀. Mo jókòó nínú ọ̀kan lọ́jọ́sí, ọwọ́ tí wọ́n ń fà láti ṣí páráṣúùtù náà wà lókè orí níbẹ̀. Bí ìyàwó mi ṣe rí i báyìí, ó ní, "Èyí la máa rà!" Lójú tiẹ̀, ẹjọ́ ti parí.

Èkejì ni Citation Mustang àlòkù. Ẹ́ńjìnnì méjì ló ní, ó sì lè gòkè dé 41,000 ẹsẹ̀ bàtà; SF50 kì í kọjá 31,000, àwọn tó kọ́kọ́ jáde ò tiẹ̀ ju 28,000 lọ. Bí ìjì bá ṣú síwájú, ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe kékeré. Àmọ́ wọ́n ti dáwọ́ ṣíṣe Mustang dúró lọ́dún 2017, ẹ̀rù ń bà mí pé ẹ̀yà ara ẹ̀ lè di àwátì.

Awakọ̀ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́tọ̀ kó tó lè wa èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọjá níbẹ̀, ṣé ẹ̀kọ́ náà le? Ṣé àwọn adójútòfò sọ pé dandan ni kí ọ̀gá awakọ̀ kan kọ́kọ́ máa bá yín fò?