Ẹ̀yin ará, "igi àlè" kẹ̀?

Mo kí yín láti Kubwa. Ẹni tó ń túmọ̀ ìwé nípa igi ẹ́límù ilẹ̀ Yúróòpù ló bi wá pé kí la ó máa pe èyí tí ẹ̀yà méjì, Ulmus glabra àti Ulmus minor, jọ bí. Ẹ̀gbọ́n wa ní Kàdúná dá a lóhùn: "igi àlè". Háà! Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Atẹ́gùn ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó ẹ́límù kiri. Ta ló gbé ta níyàwó tẹ́lẹ̀ tí ẹnìkan fi wá yan àlè?

Ẹlòmíràn ní ká pè é ní "ìbaaka igi". Ìyẹn sàn díẹ̀, torí ẹṣin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló bí ìbaaka. Àmọ́ ìbaaka kì í bímọ. Ẹ́límù yìí ń bí! Ó ń padà bá ìyá dà pọ̀, ó ń bá bàbá, àwọn ọmọ náà tún ń bá ara wọn, títí ẹnikẹ́ni ò fi mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Linnaeus fúnra rẹ̀, onímọ̀ ewéko ará Sweden tó fi orúkọ Látìn sọ àwọn ewéko, kó wọn sábẹ́ orúkọ kan, Ulmus campestris, ní 1753. Oníkálukú bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ náà pe igi tirẹ̀, wọ́n bá pa á tì. Ní báyìí, àmì ìsọdipúpọ̀ ni àwọn onímọ̀ ewéko ń fi sáàárín orúkọ ọmọ náà: Ulmus × hollandica. Ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu wọn, wọ́n lọ yá ìṣirò.

Nínú orúkọ méjì tó kù tí ẹ dá, "àpòpọ̀" lèmi fara mọ́, kì í ṣe "àdàlù". "Lù" yẹn ni mi ò fẹ́. Bí ìyá mi àgbà bá se àdàlù, mo máa ń fi ìka ṣa àgbàdo kúrò lára ẹ̀wà, wọn a sì gbá mi lọ́wọ́. Ohun tí a dà lù ṣeé ṣà. Ohun tí a pò ńkọ́? Ìdí ewé ẹ́límù kì í dọ́gba, apá kan máa ń sọ̀ ju èkejì. Bàbá rí bẹ́ẹ̀, ìyá rí bẹ́ẹ̀, ọmọ rí bẹ́ẹ̀. Kí lẹ fẹ́ ṣà níbẹ̀?

Ẹni tó ní ká yá orúkọ lọ́wọ́ Hausa bí a ṣe yá dóńgóyárò, mi ò bá yín jà, ọ̀kan wà lẹ́nu ọ̀nà mi níbí. Ṣùgbọ́n Hausa pàápàá ò ní ẹ́límù lóko.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ "àdàlú", tẹ́ ẹ gbé ohùn òkè sí i lẹ́yìn: ẹ ní ọgbọ̀n ọdún lẹ fi kọ́ni ní Yorùbá. Mo gbà. Ìlú wo ni wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀? Ìlọrin ni ìyá mi àgbà ti wá, "lù" ni wọ́n ń pè títí wọ́n fi kú.